Àìná Ọnàbólú: Ẹni Tó Mú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Lọ́dọọdún, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Ilé-Ogbó tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire, dé Ìwó, Òṣogbo, Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ìgbà kan máa ń dé tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ìpele girama àgbà gbọ́dọ̀ yan àwọn iṣẹ́ tí yóò gbájú mọ́. Ẹlòmíràn a yan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹlòmíràn a yan ìmọ̀ òwò, ẹlòmíràn a sì yan lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọnà náà wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́, ìdánwò àṣekágbá sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ wọn fẹ́ kọ́ ọ. Lójú wọn, eré ọwọ́ dilẹ̀ ni àwòrán yíyà.

Bóyá ìdí tí èrò yìí fi wà ni pé àwa tí à ń gbádùn ẹ̀kọ́ náà lónìí kò mọ ohun tó ná ẹni tó kọ́kọ́ bá wa jà fún un. Iṣẹ́ ọnà kò ṣàdéédé wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìjọba amúnisìn kò kà á kún ohun tí ọmọ ilẹ̀ wa lè kọ́, àwọn kan láàrin àwọn aláwọ̀ funfun kò sì gbà pé ọmọ ènìyàn dúdú lè ya àwòrán tó jọ ẹni tí a ń wò. Ẹni tó dìde láti fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ yìí, tó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ láti rí i pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà di ara ẹ̀kọ́ ìwé ní Nàìjíríà, ni Olóògbé Àìná Ọnàbólú, ọmọ bíbí ìlú Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọdún 1882 ni a bí Àìná Ọnàbólú sí ìdílé oníṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí à ń sọ ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ní àkókò tí a bí i, Ìjẹ̀bú kò tíì bọ́ sábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún 1861. Ọmọ kékeré ni Àìná nígbà tí ogun Ìmàgbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1892, tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn àjèjì àti fún ẹ̀kọ́ ìwé. Ó wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jàǹfààní ìyípadà náà. Ilé ẹ̀kọ́ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí ó lọ sí Èkó, ó sì kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Caxton House.

Kò sí olùkọ́ kankan tó kọ́ ọ ní àwòrán, nítorí pé kò sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò mú àwọn ìwé àti ìwé ìròyìn tó ti òkè òkun wá, yóò wo àwọn àwòrán inú wọn fínnífínní, yóò sì máa dà wọ́n kọ sínú ìwé tirẹ̀. Bí ó ti ń dà wọ́n kọ ni ó ń ṣàkíyèsí bí òjìji ṣe máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú, bí ìka ọwọ́ ṣe ń ká, àti bí igi tó jìnnà ṣe ń kéré ju èyí tó súnmọ́ni lọ. Ohun tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń kọ́ lẹ́nu olùkọ́ ni òun ń fi ojú ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tí yóò fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Akọ̀wé ní Ọ̀sán, Ayàwòrán ní Alẹ́

Ní ọdún 1900, Ọnàbólú di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Irú iṣẹ́ tí àwọn òbí ayé ìgbà náà ń gbàdúrà fún ni. Owó oṣù ń wọlé déédéé, aṣọ funfun ni a ń wọ̀ lọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún akọ̀wé ìjọba. Ogún ọdún gbáko ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, pẹ́ńsù àti ọ̀dà ni ó máa ń gbé kalẹ̀.

Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìyáàfin Spencer Savage. Ọ̀dà olómi ni ó fi yà á lórí pépà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún péré ni ayàwòrán náà, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan rí. Síbẹ̀, àwòrán yìí ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà. Ohun tó mú kó ṣe pàtàkì ni pé kò sí ẹni tó lè wò ó tí yóò sọ pé ẹni tó yà á kò mọ bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn.

Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú rẹ̀ kí ó lè yà wọ́n. Nínú àwọn tó yà ni Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, ní ọdún 1920. Ó yẹ kí inú àwa ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dùn sí èyí, nítorí pé ọmọ Iléṣà ni bàbá Dókítà Sápárà, ọ̀kan lára àwọn tí a kó lẹ́rú tí wọ́n sì tún gba òmìnira padà. Dókítà yìí ni a mọ̀ mọ́ ìjà tó bá àrùn ìgbóná jà ní Èkó, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó jáwọ́ nínú orúkọ òyìnbó láti jẹ́ orúkọ ìbílẹ̀. Nípa yíya irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, Ọnàbólú ń kọ ìtàn ìran kan sílẹ̀ láìlo lẹ́tà. Ó ń fi hàn pé ènìyàn dúdú tó kàwé, tó gbọ́n, tó sì níyì wà, àti pé ènìyàn dúdú bíi tirẹ̀ ló yà á.

Ẹ̀bẹ̀ Rẹ̀ sí Ìjọba

Bí orúkọ rẹ̀ ti ń tàn ni ohun kan ń dun Ọnàbólú lọ́kàn. Òun nìkan kọ́ ni Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ọwọ́. Ó dá a lójú pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà tó lè ṣe ju òun lọ bí wọ́n bá rí ẹni kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kò ní àyè fún wọn. Ohun tí ìjọba ń fẹ́ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ni akọ̀wé tó lè kọ̀wé kó gún régé, tó sì lè ṣírò owó. Ohun tí àwọn ìjọ ń fẹ́ ni olùkọ́ àti oníwàásù. Àwọn ìjọ kan tilẹ̀ ń fi ojú òrìṣà wo gbogbo ère gbígbẹ́. Láàrin méjèèjì, ọmọ tó bá fi ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ya àwòrán, pàṣán ni èrè rẹ̀.

Ọnàbólú bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ lọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà sínú ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ̀ wọ́n létí. Èrò tó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá òye ọmọ Áfíríkà, tàbí pé kò wúlò fún un. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn lórí ẹ̀bùn àbínibí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ òyìnbó tó mọ àwòrán yà àti ọmọ dúdú tí kò mọ̀ ọ́n kò ju pé ẹnì kan kọ́ ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ èkejì.

Ní ọdún 1920, ó ṣe ìpàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ohun tí iṣẹ́ ọnà jẹ́, èyí tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní A Short Discourse on Art. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé ipò tí iṣẹ́ ọnà wà àti ìdí tó fi yẹ kí á kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tó ní òfin àti ìlànà. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní lè ṣe. Ó fi iṣẹ́ ìjọba tó ti ń ṣe láti ogún ọdún sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú London. Ó ń súnmọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà náà.

Ní London àti ní Paris

Ilé ẹ̀kọ́ St. John's Wood ni ó wọ̀ ní London. Ó ti mọ àwòrán yà kí ó tó débẹ̀. Ohun tó wá kọ́ ni orúkọ àti ìdí àwọn ohun tí ojú rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ rí. Ó kọ́ nípa bí egungun àti iṣan ara ènìyàn ṣe tò, nípa àwọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti nípa ìlànà tó ń jẹ́ kí ojú pépà pẹlẹbẹ dà bí ẹni pé ó jìn. Ó tún dé ilé ẹ̀kọ́ Académie Julian ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún 1922, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú dìpúlómà nínú iṣẹ́ ọnà àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. Ìwé ẹ̀rí kejì yìí ni ó yẹ kí á kíyèsí. Ayàwòrán tó fẹ́ dá gbé kò nílò ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọnàbólú gbà á nítorí pé ó ti pinnu ohun tí yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọdún kan náà ni ó ya àwòrán olókìkí tó ń jẹ́ Sisi Nurse, èyí tó fi ọ̀dọ́mọbìnrin adúláwọ̀ kan hàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìfarabalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sílé.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà Àkọ́kọ́

Nígbà tí ó dé, àwọn aláṣẹ kò rí ohun tí wọn yóò fi dí i lọ́nà mọ́, nítorí pé ìwé ẹ̀rí tí àwọn fúnra wọn mọ̀ rí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó lórúkọ ní Èkó. Lára wọn ni King's College, CMS Grammar School, Eko Boys' High School àti Wesleyan Boys' High School. Òun nìkan ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ilé ẹ̀kọ́ sì pọ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ kan ni ó ti ń lọ sí òmíràn.

Ohun tí ó ń kọ́ wọn kì í ṣe eré. Ó ń kọ́ wọn láti ya ohun tó wà níwájú wọn gan-an, bí ife, bí ìkòkò, bí àga, bí ènìyàn tó jókòó. Ó ń kọ́ wọn bí orí ṣe tó sí ara, bí àwọ̀ kan ṣe ń yí òmíràn padà, àti pàápàá bí ohun ṣe ń kéré bí ó bá ti ń jìnnà. Ẹni tó bá ti dúró ní ojú irin rélùwéè tó gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Òṣogbo yóò mọ ohun tí à ń wí. Irin méjèèjì kò fi ìgbà kan pàdé, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wò wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi dà bí ẹyọ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí yóò ya ohun tó mọ̀, yóò ya irin méjì tó jìnnà sí ara wọn déédéé. Ọmọ tó kọ́ ọ yóò ya ohun tó rí. Ìmọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní perspective, Ọnàbólú sì tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ di orúkọ ìnagijẹ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Perspective ni wọ́n ń pè é.

Ìdí tí kò fi fojú kékeré wo ìlànà yìí ni pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé orí ọmọ dúdú kò gbé iṣẹ́ ọnà yóò dákẹ́ bí ó bá rí i pé ọmọ náà mọ òfin rẹ̀ dájú, tó sì lè tẹ̀lé e. Fún Ọnàbólú, pépà àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì jẹ́ ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́.

Ọnàbólú àti Murray

Nígbà tí iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo, Ọnàbólú fúnra rẹ̀ ló rọ ìjọba pé kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1927, Kenneth Murray dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò tẹ́lẹ̀.

Murray kò fara mọ́ ìlànà Ọnàbólú. Lójú tirẹ̀, ohun tí ọmọ ilẹ̀ wa nílò kì í ṣe òfin àwòrán tó ti Yúróòpù wá. Ó rí i pé ère gbígbẹ́, ìkòkò mímọ, aṣọ híhun àti ọnà ara ilé ti wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àti pé ilé ẹ̀kọ́ ń sọ àwọn ọmọ di ẹni tí kò mọ iyì wọn mọ́. Nítorí náà, ó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níyànjú láti ya ọjà, oko, eégún àti ìgbé ayé ilé wọn bí ọkàn wọn bá ti rí i, ó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kún ẹ̀kọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ amọ̀. Ibi tó ti kọ́ni ni Ìbàdàn àti Umuahia, Ben Enwonwu tó di olókìkí káàkiri àgbáyé sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó kọ́. Ní ọdún 1937, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray dé ibi ìpàtẹ ní London.

Ó yani lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ni ń gbèjà ìlànà Yúróòpù, òyìnbó sì ni ń gbèjà ìlànà ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà yéni. Murray kò ní ohun tí yóò fi jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ìran rẹ̀ lè yàwòrán. Ọnàbólú ni wọ́n ń bi. Bí ìjọba bá sọ pé kí ọmọ dúdú má ṣe kọ́ ju ohun tí bàbá rẹ̀ mọ̀ lọ, ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó sì tún lè jẹ́ ọ̀nà láti tì í mọ́ ibi tó wà. Ewu yìí ni Ọnàbólú rí.

Síbẹ̀, òtítọ́ kò wà lápá kan ṣoṣo. Ọnàbólú kò fún iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ ide ilẹ̀ wa ní iyì tó tọ́ sí i. Ó kà á sí ohun ayé àtijọ́ tí a gbọ́dọ̀ kọjá. Ìtàn kò gbè é lẹ́sẹ̀ lórí èyí. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí ẹwà àwọn ère tó wà níbẹ̀, kò gbà pé àwọn baba ńlá wa ló ṣe wọ́n. Ó ní àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ayé àtijọ́ ló ní in. Ní ọdún 1938, wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì hú orí ide mélòó kan jáde. Ojú àwọn orí náà jọ ojú ènìyàn débi pé kò sí òfin àwòrán kan tí àwọn tó ṣe wọ́n kò mọ̀, wọ́n sì ti ṣe wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó dé. Ìdáhùn tí Ọnàbólú ń wá lọ sí London wà lábẹ́ ilẹ̀ nílé.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rí tó ń wá ni a yìn ín fún, àti ìlẹ̀kùn tí ó ṣí. Bí kò bá sí ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé iṣẹ́ ọnà wọ ilé ẹ̀kọ́, kò ní sí kíláàsì tí a ó ti máa jiyàn lórí ọ̀nà tó dára jù láti fi kọ́ ọ.

Àwọn Tó Wá Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà fìdí múlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ní Zaria. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, lára wọn ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya. Wọ́n ní àwọn yóò mú ohun tó dára nínú ti ilé àti ohun tó dára nínú ti òkèèrè, àwọn yóò sì fi ṣe ohun tuntun. Báyìí ni wọ́n ṣe parí ìjà Ọnàbólú àti Murray. Ó tún yẹ kí á rántí pé Onobrakpeya, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's ní Èkó. Kò ka kíláàsì sí ibi tó rẹlẹ̀ fún ayàwòrán ńlá.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn tún yọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sókè, Ulli Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, lábẹ́ ẹgbẹ́ Mbari Mbayo. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí, wọn kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní òfin tí Ọnàbólú ń tẹnu mọ́. Láti ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Rufus Ogundele àti Muraina Oyelami ti jáde, tí orúkọ Òṣogbo sì kàn dé òkè òkun. Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi ère tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó náà sì di ọ̀kan lára ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Lámidi Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún náà, tó jẹ́ ọmọ agbẹ́gilére, di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì gbẹ́ ère Odùduwà sí ọgbà yunifásítì náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí. Ọnàbólú ní kí ọmọ kọ́ òfin. Murray ní kí ọmọ má gbàgbé ilé. Òṣogbo ní kí ọmọ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà ní Ilé-Ogbó lónìí jẹ́ àrólé gbogbo wọn, nítorí pé ìlànà ẹ̀kọ́ tó wà níwájú rẹ̀ béèrè pé kí ó mọ ohun tó rí yà, kí ó mọ ìtàn Ifẹ̀, Nok àti Benin, kí ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀.

Ikú Rẹ̀ àti Ogún Tó Fi Sílẹ̀

Àìná Ọnàbólú papòdà ní ọdún 1963, nígbà tí ó tó bí ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ti rí òmìnira Nàìjíríà, ó sì ti rí i pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ti di ohun tí à ń ṣe ìdánwò lé lórí. Ọmọ rẹ̀, Dàpọ̀ Ọnàbólú, náà di oníṣẹ́ ọnà. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé tí iṣẹ́ ọnà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa wà ní Igánmú, ní Èkó, àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní baba iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà.

Ogún rẹ̀ tó tóbi jù lọ kò sí lára ògiri kankan. Ó wà nínú ìwé àkókò iṣẹ́ tó wà lára pátákó ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ìpele girama kékeré, gbogbo ọmọ ni ń kọ́ iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú àṣà, orin àti eré. Ní ìpele girama àgbà, ẹni tó bá yàn án lè ṣe é dé ìdánwò àṣekágbá, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, láìjáde kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀nà oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí kíkun àwòrán nìkan. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé kí a tó kọ́ ọ, ẹni tó ń ṣe bátànì àǹkárá àti àdìrẹ, ẹni tó ń ṣètò ojú ìwé fún àwọn atẹ̀wé, ẹni tó ń tún ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ṣe, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tó ń rìn, àti ẹni tó ń ṣe àmì ìdánimọ̀ fún ilé iṣẹ́, gbogbo wọn ló nílò ohun tí Ọnàbólú kọ́ àwọn ọmọ Èkó láti ọdún 1922.

Àwọn òbí ní Ilé-Ogbó, ní Kúta, ní Olúpọ̀nnà, ní Ìwó àti níbi gbogbo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè fi èyí sọ́kàn nígbà tí ọmọ bá mú ìwé yíyan iṣẹ́ wálé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni iṣẹ́ ọnà yẹ, bí kò ti yẹ kí gbogbo ọmọ di dókítà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi lórí pépà, tó ń ya ojú ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, ó yẹ kí á pe olùkọ́ rẹ̀ kí á sì béèrè ohun tó rí lára rẹ̀, kí á tó bá a wí. Ilẹ̀ tó bí àwọn tó rọ orí ide Ifẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ilẹ̀ tí ọmọ yóò ti máa tọrọ àforíjì pé òun mọ ọnà ṣe.